Bí A Ṣe Ń Bá Oníṣòwò Mìíràn Pawọ́ Pọ̀ Polówó Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó ń ta gààrí Ìjẹ̀bú lórí WhatsApp tàbí Instagram láti Ìjẹ̀bú-Igbó lè ní ọjà tó dára gan-an kí ó má rí ẹni rà á, nítorí pé àwọn tí yóò rà á kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí kò gba owó púpọ̀: kí ó wá oníṣòwò mìíràn tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti ń bá ra nǹkan, kí àwọn méjèèjì jọ polówó, kí wọ́n sì jọ pín èrè. Wọn kò da ilé-iṣẹ́ pọ̀ o. Kálukú ṣì ní ọjà àti orúkọ tirẹ̀; iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí ni wọ́n jọ dáwọ́ lé.

Yíyan ẹni tí ẹ ó bá ṣe é ni iṣẹ́ tó le jù. Ẹ wá ẹni tí ọjà rẹ̀ ń bá tiyín rìn, kì í ṣe ẹni tó ń ta irú ohun tí ẹ ń tà. Ẹni tó ń mu gààrí yóò wá ẹ̀pà tàbí ẹja gbígbẹ; ẹni tó ra aṣọ yóò wá télọ̀, fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀. Ní tèmi, n kò gbà pé ó yẹ ká máa sáré tẹ̀lé ẹni tí èrò pọ̀ lójú ìwé rẹ̀. Obìnrin tó ń ta ẹja ní Ṣàgámù, tí igba oníbàárà rẹ̀ mọ̀ dájú pé kò ní ta ẹja tó ti ní kòkòrò fún wọn, yóò bá yín ta gààrí ju ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń wò láì ra ohunkóhun lọ. Kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi owó yín ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe ń dáhùn, bí ó ṣe ń di ẹrù, àti ohun tó ń ṣe bí oníbàárà bá fẹjọ́ sùn. Lọ́jọ́ tí ẹja rẹ̀ bá bàjẹ́ nínú àpò kan náà pẹ̀lú gààrí yín, orúkọ yín pẹ̀lú ni wọn yóò bú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìwé sí i, kí àǹfààní tirẹ̀ sì ṣáájú tiyín níbẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Ẹ kú ọjà o, mà. Gààrí ni mo ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ra ẹja lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò fọ́ rárá. Àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí léèrè ẹja, n kò sì ní. Ṣé a lè jọ di gààrí àti ẹja sínú àpò kan fún Iléyá? Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀, mo lè fi ránṣẹ́.” Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, nítorí náà, ẹ jẹ́ kó rí ohun tí ẹ̀yin náà gbé wá.

Ìṣirò náà gba sùúrù. Ká ní ẹ ó ta àpò kan ní ₦12,000, gààrí inú rẹ̀ jẹ́ ₦3,000, ẹ̀yin lẹ tún ra àpò ní ₦500, ẹja sì jẹ́ ₦5,500. Owó tí ẹ jọ ná jẹ́ ₦9,000, èrè sì jẹ́ ₦3,000. Bí ẹ bá pín ₦12,000 sí méjì ọgbọọgba, ₦500 péré ni yóò kù fún ẹlẹ́ja, ẹ̀yin yóò sì jẹ èrè ₦2,500. Kò ní pẹ́ tí ìjà yóò fi dé. Kí kálukú kọ́kọ́ mú iye owó tó ná, kí ẹ tó pín èrè. Bí ẹnìkan bá ń di ẹrù, tó sì ń gbé e lọ sí gáréèjì, ìpín tirẹ̀ lè jẹ́ ₦1,800, kí ti ẹnìkejì jẹ́ ₦1,200.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iye owó ọjà, ìpín kálukú, báńkì tí owó yóò wọ̀, ọjọ́ tí ẹ ó pín in, ẹni tí yóò dá owó padà bí ọjà bá bàjẹ́, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Fún iṣẹ́ kékeré, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ti tó. Bí owó bá pọ̀, ẹ lo ìwé àti ẹlẹ́rìí. Ẹ bi ara yín léèrè ọ̀rọ̀ NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, pẹ̀lú, nítorí oúnjẹ tí ẹ dì ni.

Ẹ má ṣe fún ara yín ní nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà. Wọn kò fún yín láṣẹ bẹ́ẹ̀, òfin ààbò dátà (ìsọfúnni nípa ẹni) ti ọdún 2023 sì wà ní Nàìjíríà. Kí kálukú kọ̀wé sí àwọn tirẹ̀. Ẹ rántí pé ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ni àtẹ̀ránṣẹ́ broadcast WhatsApp (èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà) ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti pé wákàtí 24 ni Status ń lò. Ẹ fún kálukú ní ọ̀rọ̀ àmì tirẹ̀, bíi GAARI àti EJA, tí oníbàárà yóò kọ nígbà tó bá fẹ́ rà, kí ẹ lè mọ ẹni tó mú un wá. Iye kan náà ni kí ẹ jọ máa pè.

Àsìkò ṣe pàtàkì níhìn-ín. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ló sì ń wálé. Àwọn régbérégbé ti máa ń mú aṣọ ṣáájú, nítorí náà, kí ẹni tó ń ta aṣọ àti télọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ti oúnjẹ yàtọ̀: ẹni tó ń padà sí Èkó ló ń wá ohun tí yóò gbé lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó lè wá gba àpò rẹ̀ nínú ìlú láì san owó ọkọ̀ kankan. Ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wọlé padà sí Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn náà dára.

Bí ọjọ́ ìparí bá pé, ẹ ka iye àwọn tó fi ọ̀rọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan rajà, kí ẹ sì san owó ẹnìkejì lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà kéré. Ẹ fi àkọsílẹ̀ báńkì hàn án láì jẹ́ kó béèrè. Ẹ̀yìn ìgbà tí owó rẹ̀ bá ti wọlé ni kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀.