Ráṣíò kọjá kírọ́ọ̀sì-mọ́típlàì: àṣìṣe tí ẹ̀ ń ṣe, tí èmi náà ti ṣe rí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ tuntun kan fi ìwé iṣẹ́ tó fowó ara rẹ̀ rà hàn mí. Ogójì ojú ewé, ráṣíò ni gbogbo rẹ̀. Àpótí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n yà sílẹ̀: ọmọ á kó nọ́ḿbà sínú mẹ́ta, á fa ìlà dábùú, á sọ méjì tó dojú kọra dábùú di púpọ̀, á fi ẹ̀kẹta pín in, ìdáhùn á bọ́ sínú ẹ̀kẹrin. Kírọ́ọ̀sì-mọ́típlàì nìyẹn. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tó já fáfá àti èyí tí kò já fáfá, gbogbo wọn ló máa gbà á," ló wí. Ó ti sanwó fún ti gbogbo kíláàsì. Inú bí mi délé, ni mo bá jókòó kọ èyí. Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí ráṣíò jẹ́. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣirò ti mọ ìyẹn.

1. Kírọ́ọ̀sì-mọ́típlàì lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Odindi ọdún méjì ni mo fi jẹ̀bi èyí. Àwọn ọmọ mi ń gba máàkì, mo ń yan kiri bí àkùkọ. Ọjọ́ kan ni mo gbé ìbéèrè yìí fún wọn láìdárúkọ ráṣíò: àwòrán kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, ó ga ní 6. A sọ ọ́ di ńlá, ó wá fẹ̀ ní 10. Báwo ló ṣe ga tó báyìí? Ọmọ tó ń gba ipò kìíní kọ 12. "4 fi 6 kún ara rẹ̀ kó tó di 10, 6 náà á fi 6 kún ara rẹ̀." Ó sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà. 15 ni ìdáhùn. Ká ní mo ya àpótí mẹ́rin fún un ni, kíá ni ì bá rí 15. Ìgbà yẹn ló yé mi pé àpótí ni mo ti ń kọ́ wọn látọjọ́ yìí.

Kò tán síbẹ̀ o. Bí wọ́n bá ti rí ìdá méjì tó dúró ti ara wọn, ì báà jẹ́ pé a ní kí wọ́n rò wọ́n pọ̀, ìlà dábùú ni.

2. Kíka ìròpọ̀ sí àìfarabalẹ̀.

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ ní sùúrù fún mi. Ọmọ tó kọ 12 yẹn ò ya ọ̀lẹ, kò sì kánjú. Látìgbà tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́, ìròpọ̀ ló ń gbà á sílẹ̀. Kí ló dé tí kò fi ní ké pè é lónìí? Ẹ̀yin wá fa bírò pupa sí i, ẹ kọ "ṣe é dáadáa" sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kọjá lọ. Kí ló fẹ́ ṣe dáadáa? Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe é dáadáa. Ìròpọ̀ gbọ́dọ̀ já a kulẹ̀ níṣojú ara rẹ̀. Àlàyé ẹnu yín kò lè ṣiṣẹ́ yẹn.

Guy Brousseau, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò ará Faransé, gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ tí mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ẹ gé páálí onígun mẹ́rin sí wẹ́wẹ́ lọ́nà tó fi ṣeé tò padà, ẹ kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ pín in, ọ̀wọ́ kan ẹyọ kan. Àṣẹ ibẹ̀ ni pé kí kálukú gé tirẹ̀ ní ńlá, ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ 4 gbọ́dọ̀ di 7. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wọn kó o wá ká tò ó. Ọ̀pọ̀ wọn á fi 3 kún gbogbo ẹ̀gbẹ́. Páálí náà ò ní wọra.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mi ò lè pa ẹnu mi mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, mo ti sọ ìdáhùn. Mo fi páálí ṣòfò, mo tún fi àkókò ṣòfò. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bu omi sẹ́nu, mo lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n kọ́kọ́ ń fẹ̀sùn kan ara wọn: ẹ̀yin lẹ ò mọ páálí gé. Wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n tún un gé, kò wọra síbẹ̀. Ni ọmọbìnrin kan tí mo máa ń tò mọ́ àwọn tó ń rọra bọ̀ bá ní: "Ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ 8 yìí, 4 méjì ló wà nínú rẹ̀. Ṣé kò ní di 7 méjì ni?" 14 nìyẹn, kì í ṣe 11. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń wá ohun tí 1 máa dà, wọ́n pín 7 sí 4, wọ́n rí 1.75. Ọmọ tí mo ti fojú kéré ló kọ́ gbogbo wa lọ́jọ́ náà.

3. Nọ́ḿbà tó rọ̀ títí ayé fún àwọn tí kò yára.

2 di 4, 5 di 10, ìlọ́po méjì, ìdajì, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ọmọ mọ ìyẹn láìronú. Ẹ wá gbé ìlọ́po kan àti ààbọ̀ dé, ó ti sá padà sínú ìròpọ̀. Ẹ fún gbogbo kíláàsì ní ìtàn kan náà, nọ́ḿbà ni kí ẹ yí. Ọ̀dà ni mo máa ń lò. Ọ̀wọ́ kan: pupa 3 sí funfun 12, pupa 5 ńkọ́? Òmíràn: pupa 4 sí funfun 6, pupa 10 ńkọ́? Àwọn tó yára: èwo ló pọ́n jù, pupa 2 sí funfun 3 ni àbí pupa 5 sí funfun 7? Ẹni tó bá ń wo ìyàtọ̀ á mú ti àkọ́kọ́, torí 1 péré ni funfun fi ju pupa lọ níbẹ̀. Èkejì ló pọ́n jù. Níwọ̀n bó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀, gbogbo wọn lè jọ jiyàn lé e lórí tó bá yá.

Ẹ má sì fi ogún ìbéèrè irú kan náà san ọmọ tó bá tètè parí lẹ́san. Ìyà nìyẹn.

Ẹ má bá ọmọ tó ń gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀ wí. Pupa 4 gba funfun 6, nítorí náà 2 gba 3. 4 àti 4 àti 2 jẹ́ 10, 6 àti 6 àti 3 jẹ́ 15. Mo ti rí olùkọ́ tó fagi lé èyí, ó ní ìròpọ̀ ni. Ìròpọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ pupa àti funfun ló ń gbé lọ pọ̀, ráṣíò wọn ò yẹ̀. Ẹ ya tábìlì fún un kó máa kọ ọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fo àtẹ̀gùn.

Kíkọ nọ́ḿbà láìkọ ohun tó ń wọ̀n: ẹ má gbà á rárá.

Àṣìṣe karùn-ún, àbí ìkeje ni (mo ti ṣì í kà, olùkọ́ ìṣirò nìyẹn): kí gbogbo ìbéèrè ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ráṣíò. Ọmọ méjì ń sáré yí pápá po, ìyára wọn dọ́gba, ọ̀kan ló kọ́kọ́ gbéra. Nígbà tí ìyẹn yípo 9, èkejì ti yípo 3. Bí èkejì bá yípo 15, mélòó ni ti àkọ́kọ́? Kíláàsì á pariwo 45. 21 ni, torí 6 ló fi ṣáájú, 6 náà ló sì máa fi ṣáájú lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn; nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi èmi, 45 ni mo sọ, mo tún fẹ́ jiyàn. Ẹ da irú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ráṣíò. Ẹ fi òṣìṣẹ́ 3 tó lo ọjọ́ 8 lórí iṣẹ́ kan kún un, tí òṣìṣẹ́ 6 á fi lo ọjọ́ 4 lórí iṣẹ́ kan náà.

Kírọ́ọ̀sì-mọ́típlàì ńkọ́? Ẹ mú un wá, nígbà tí ọmọ bá ti lè sọ ibi tí ìdáhùn máa bọ́ sí kó tó mú bírò.

Ní ti ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ti rà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Ibẹ̀ la ya onígun mẹ́rin wa sí lọ́jọ́ Ẹtì, a sì fi àlùmọ́gàjí gé e.