Ẹ dán ìpara olóòórùn wò fún ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò bi mí o, ṣùgbọ́n kí n tètè sọ ọ́ kí a tó pín ìpara olóòórùn tí a fẹ́ pín níbi ayẹyẹ wa.

Mo ra ọ̀kan ní Sábó, Ifẹ̀ níbí. Mo fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kò ṣe mí ní nǹkan kan, ni mo bá pa á sọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹta, ọrùn pọ́n, ó sì ń yún mi bí ẹni tí wèrèpè bà. Àlẹ́jì lọ́fíńdà, ìyẹn kí ara kọ lọ́fíńdà, kì í yára. Ó lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó tó yọjú.

Ẹ bu díẹ̀, ẹ fi sí inú apá níbi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ká, ojú kan náà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 7. Bó bá pọ́n tàbí tó sú, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, ó parí. (Ọṣẹ kò sí nínú èyí o, kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ lára.)

Ẹ má sọ pé ti ìbílẹ̀ ni tiyín. Eugenol, èròjà olóòórùn tó wà nínú kànáfùrù, wà lára ohun tí dókítà awọ ara fi ń ṣàyẹ̀wò àlẹ́jì. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fún wákàtí 48, wọ́n á sì tún un wò lẹ́yìn náà. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wú tàbí tí èémí ń nira fún, kó sáré lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ tọ́jú páálí rẹ̀. Èmi ti ju tèmi nù kí dókítà tó béèrè rẹ̀.