Àṣìṣe Táwọn Mọ̀lẹ́bí Máa Ń Ṣe Bí Ẹni Wọn Bá Ń Gba Ìtọ́jú Oògùn Olóró

Ẹ má ṣe ti ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́ mọ́lé, kí ẹ ní yóò gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀. Ọtí àti oògùn oorun bíi diazepam kò ṣeé já lójijì. Ẹni tó já ọtí bẹ́ẹ̀, gìrì lè gbé e láàárín wákàtí 6 sí 48. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó lè máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n débi pé kò ní lè di ife omi mú. Ó ń pa èèyàn. Iṣẹ́ dókítà ni.

Ẹ má tìtorí ọgbà tó rẹwà yan ilé ìtọ́jú. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń dúró ti aláìsàn lóru, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo methadone tàbí buprenorphine, ìyẹn oògùn tí dókítà ń fúnni kí ara má bàa máa béèrè heroin, fún ẹni tí oògùn olóró yìí ti di bárakú fún. Àwọn kan á ní oògùn lẹ kàn fi ń rọ́pò oògùn. Ẹ má dá wọn lóhùn: láti 2005 ni WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka méjèèjì mọ́ oògùn kòṣeémánìí. Ibi tí wọ́n bá ti ń de aláìsàn mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ń nà án, ẹ gbé èèyàn yín kúrò níbẹ̀, àdúrà yòówù kí wọ́n máa gbà lé e lórí.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti ọjọ́ ìjáde. Wọ́n á ní ara rẹ̀ ti mọ́, ó parí. Kò tíì parí o! Ara tó ti sinmi heroin kò lè gbà á mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n tí kò ṣe é ní nǹkan kan kó tó wọlé lè dá èémí rẹ̀ dúró báyìí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ló léwu jù. Ẹ ní naloxone nílé, ìyẹn oògùn tó ń borí heroin kí èémí lè padà, kí gbogbo yín mọ bí a ṣe ń fín in sí imú. Bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú bí aró, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ fín in, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Bó bá sì jí, ẹ má fi í sílẹ̀: naloxone lè tán lára rẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí heroin tún borí.

Bó bá tún padà sídìí rẹ̀, ẹ má lé e jáde. Ẹ pe àwọn tó tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.