Bí A Ṣe Lè Mọ Apá Ibi Tí Ìjì Ńlá Orí Òkun Yóò Máa Yí Sí

Ẹ kọ́kọ́ wo orí máàpù, kí ẹ mọ̀ bóyá àríwá tàbí gúúsù ìlà agbedeméjì ayé ni ìjì náà wà. Ní àríwá, yóò máa yí lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ní gúúsù, bí ọwọ́ aago ni yóò ṣe máa yí.

Ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ tí ó wà lórí ìlà agbedeméjì ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 1,670 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ní ibi tí ó jìnnà sí ìlà náà ní dìgírì 60, eré náà kò ju ìdajì lọ. Nítorí náà, ní àríwá, afẹ́fẹ́ tí àárín ìjì ń fà mọ́ra láti ìhà agbedeméjì ń gbé eré ibi tí ó ti wá dání, yóò sì ya sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ẹ fi àmì kan tí ó dúró fún àárín ìjì ti àríwá sí àárín bébà, ẹ fa ọfà mẹ́rin tí ó dúró fún afẹ́fẹ́ wá síbẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀ sí ọ̀tún ara rẹ̀. Ẹ ó rí i pé kò sí èyí tí ó kan àmì náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá, tí gbogbo wọn sì jọ ń yí i po lòdì sí aago. Ibí yìí gan-an ni ó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, ó sì yẹ kí ẹ fara balẹ̀ yà á.

Nítòsí ìlà agbedeméjì, láàárín nǹkan bí dìgírì 5, agbára tí ń mú kí afẹ́fẹ́ yà bẹ́ẹ̀ kéré jù, ìdí nìyẹn tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í fi í sábà ṣẹ̀ níbẹ̀.