Bí mo ṣe ka àwọn tó jápa nínú kíláàsì wa

Ogójì la jẹ́ nígbà tí a jáde ní ẹ̀ka kẹ́mísírì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp wa: ẹnì kan ní ìdajì wa ti jápa, ẹlòmíì ní irọ́ ni, wọn ò tó mẹ́wàá. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ní láíbúrárì, ẹnu yá mi, mo ní ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá kà á. Mo pè é níṣẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà.

Orí OpenAlex, àkójọ pépà ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni. Ọdún 2022 ni wọ́n gbé e jáde láti fi rọ́pò Microsoft Academic Graph, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tí Microsoft pa tì. Wàá tẹ orúkọ èèyàn, àwọn pépà rẹ̀ á jáde, adírẹ́sì ibi iṣẹ́ rẹ̀ á wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí Excel, mo ń kọ orúkọ, ọdún àti orílẹ̀-èdè síbẹ̀. Bí adírẹ́sì bá kúrò ní Nàìjíríà bọ́ sí Kánádà, ẹni náà ti lọ nìyẹn. Bí àwọn àgbà ìdí iṣẹ́ yìí náà ṣe ń kà á nìyẹn. Ìwádìí kan tó jáde nínú Nature, ìwé àtìgbàdégbà sáyẹ́ǹsì, ní 2017 tọpa nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 èèyàn tó tẹ pépà jáde láàárín 2008 sí 2015. Nǹkan bí ìdá 4 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kà sí ẹni tó rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Orúkọ ló kọ́kọ́ fojú mi rí nǹkan. Mo tẹ "O. Adebayo", ẹnì kan ṣoṣo jáde tó ti kọ̀wé lórí ibà, lórí ẹ̀gẹ́, lórí símẹ́ǹtì, tó tún kọ lórí ètò ìdìbò. Ta ló gbọ́n tó yẹn? Kọ̀ǹpútà ló da èèyàn pọ̀. Mẹ́ta nínú wa há sínú irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti obìnrin kan nínú wa tún yàtọ̀: orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi ń kọ pépà nílé, ó dé Glasgow, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ti ọkọ rẹ̀. Nínú Excel mi, ó di ẹni méjì: ọ̀kan ò kúrò ní Nàìjíríà rí, èkejì ò dé Nàìjíríà rí.

ORCID ló yẹ kó gbà mí, nọ́ńbà onídíjíìtì 16 tó ti wà láti 2012, tí í bá èèyàn lọ bó ti wù kó yí orúkọ padà tó. Àwọn tó ní in nínú wa ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ tó sì ní in, orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀, ìyókù ṣófo. (Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ti lọ tún un ṣe.)

Nígbà tí mo parí àkọ́kà, mẹ́fà ni kọ̀ǹpútà ní ó ti lọ. Àwọn tí èmi fúnra mi sìn dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ju ìyẹn lọ! Mo wá rí ibi tó ti wọ́. Márùn-ún nínú wa ò tẹ pépà kankan kí wọ́n tó lọ. Ìdí PhD ní òkè òkun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí pépà àkọ́kọ́ rẹ bá ti jáde ni mo sì ń kà sí ìlú rẹ. Báyìí ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé ṣe di ará Jámánì tí kò rìnrìn àjò kankan.

Àwọn tó ṣe GlobSci ní 2011, ìwádìí lórí bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣí láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ò gba ọ̀nà yẹn. Èèyàn ni wọ́n bi. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lé ní 17,000 ní orílẹ̀-èdè 16 ló sọ fún wọn ibi tí wọ́n ń gbé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 18. Wọ́n rí i pé ìdá 56.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Switzerland ló wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní India, ìdá 0.8 ni.

Èmi ò nílò ìbéèrè ọdún 18, kíláàsì kan náà la ti jáde. Mo kàn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Níbo lo ti jí láàárọ̀ yìí, iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀?" Ẹnì kan ní, "Ṣé o fẹ́ yá owó ni?" Ẹni tí pépà rẹ̀ ń pè ní ará South Africa dáhùn pé, "Ọ̀yọ́ ni mo wà o." Wọ́n fún un ní ipò olùwádìí àlejò lọ́hùn-ún ni, ilé rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà.

Àwọn méje kan wà tí èsì wọn dùn mí. Wọ́n ti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀: ẹni tó ń tọ́jú arúgbó ní Bírítéènì, ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà ní Kánádà. Adírẹ́sì Nàìjíríà ló wà lára pépà tí wọ́n kọ kẹ́yìn, torí náà, lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ṣì wà nídìí tábìlì láàbù títí dòní. Òpó ọ̀tọ̀ ni mo kọ wọ́n sí.

Àwọn tó wà lẹ́yìn odi tí wọ́n ṣì ń ṣe ìwádìí wá di mẹ́rìnlá. Bí a bá ka àwọn méje yẹn mọ́ wọn, mọ́kànlélógún. Mo gbé e sórí WhatsApp. Kò pẹ́, ẹnì kan tí mo kọ Leeds sí iwájú orúkọ rẹ̀ pè mí: "Yọ mí kúrò ńbẹ̀ jàre. Mo ti padà sílé láti oṣù kẹta, pépà mi ni ò tíì mọ̀."

Mo yọ ọ́. Ó di ogún.