Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Eré Orí Ìtàgé fún Àwọn Ọmọ Sẹ́kọ́ńdírì l'Ábújá

Ọjọ́ kan péré ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àmọ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ 8 múra rẹ̀. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀: àwọn ọmọ ń bọ̀ wá ṣe eré ni, wọn ò wá jókòó gbọ́ ìwàásù nípa eré.

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ìparí oṣù Kẹwàá ló tẹ́ mi lọ́rùn jù níbí: òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kò sì tíì dé láti gbẹ àwọn ọmọ lọ́fun. Ẹ yẹra fún táàmù kejì, torí inú rẹ̀ ni ààwẹ̀ Ramadan ń bọ́ sí láwọn ọdún yìí, iṣẹ́ ohùn kò sì rọrùn fún ọmọ tí omi ò tíì kan lẹ́nu láti òwúrọ̀. Sátidé ló dára. SS1 àti SS2 ni kí ẹ pè, kí SS3 lè ráyè gbájú mọ́ WAEC.

Ilé ìwé 10 ti tó, ọmọ 6 àti tíṣà kan láti ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ju 60 lọ, àwọn kan á kàn máa wòran ni. Ẹ fi ọwọ́ ara yín mú lẹ́tà dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, kí ẹ sì padà lọ béèrè èsì. Kí òbí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, kó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, àìsàn tó bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, àti ẹni tó máa wá mú un lọ.

Ní ti ibi tí ẹ máa lò, gbọ̀ngàn ilé ìwé tí a lè kó àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti tó. Kí ẹnì kan dúró níwájú ka ìwé ìròyìn láìlo gbohùngbohùn, kí ẹ̀yin wà lẹ́yìn pátápátá. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ wá ibòmíràn. Bí kò bá sí gbọ̀ngàn, abẹ́ igi náà dára. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará ẹ̀ka eré ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ti ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣeré ní abúlé, lórí ilẹ̀ gbalasa. Àwọn alárìnjó tiwa náà kò dúró de gbọ̀ngàn rí. Agbo ni ìtàgé wọn.

Olùkọ́ mẹ́ta lẹ nílò: ọ̀kan fún ara, ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún ìtàn. Ẹ wá àwọn kọ́pà tó kàwé gboyè nínú eré orí ìtàgé, wọ́n pọ̀ l'Ábújá, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ wọn.

Lọ́jọ́ náà gan-an, aago 8:30 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì dúró de àlejò pàtàkì. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, wákàtí kan àbọ̀ la fi dúró de ẹnì kan. Nígbà tó fi máa sọ̀rọ̀ tán, oorun ti ń kun àwọn ọmọ, ó sì dùn mí gan-an.

Ààlọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Olùkọ́ á pè é láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn: “Ààlọ́ o!” Gbogbo wọn á dáhùn: “Ààlọ̀!” Ọmọ Hausa á wá pe tiwọn: “Ga ta nan, ga ta nan ku!” A ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn: “Ta zo mu ji ta!” Ẹ jẹ́ kí Gbagyi, Igbo àti Tiv náà pe tiwọn. Ohùn á là, ojú á sì là pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ to àga mẹ́rin bíi takisí tó ń lọ Nyanya. Kí ọmọ kan ṣe awakọ̀, kí àwọn yòókù ṣe èrò. Awakọ̀ ò ní ṣéńjì. Ẹ bi òṣèré kọ̀ọ̀kan ní etí: “Kí lo ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn?” Mo rántí ọmọbìnrin kan tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. A ní kó jẹ́ èrò tó gbé adìyẹ pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Kò sọ gbólóhùn kan. Ó kàn ń fún ẹnu adìyẹ tí kò sí níbẹ̀ pọ̀ ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Kí àwọn tíṣà náà bá wọn ṣe é, torí àwọn ni yóò mú un dé ilé ìwé.

Ẹ fún wọn ní máásà àti omi inú ọ̀rá lọ́sàn-án. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ 6, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé eré oníṣẹ́jú 7 kalẹ̀. Bí eré bá parí, kí òǹwòran sọ ohun tó rí kó tó sọ bóyá ó dára.

Aago 3 ni kí ẹ parí, torí Kuje àti Bwari jìnnà, ilẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ṣú wọn sọ́nà. Kí ẹnì kan dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé orúkọ, kó máa fa ìlà sí orúkọ ọmọ tí wọ́n bá ti mú lọ, títí yóò fi kan ẹni ọgọ́ta.