Bí a ṣe ń fi probiotics dáàbò bo ìfun ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ májèlé inú oúnjẹ

Láti Kabba dé Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀, àgbàdo òjò àkọ́rọ̀ máa ń gbó nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ẹni tó bá kó o sápò láìgbẹ, èbu ló kó sápò. Èyí tó ti bu, tí èèyàn ò lè jẹ mọ́, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dà á fún, ibẹ̀ sì ni àdánù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èbu ló ń ṣe májèlé. Mẹ́ta nínú wọn nìyí: aflatoxin ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Deoxynivalenol ń mú kí ẹlẹ́dẹ̀ kọ oúnjẹ, kó sì máa bì. Zearalenone ń mú kí ojú ara abo ẹlẹ́dẹ̀ wú kó sì pọ́n, bíi pé ó ń wá akọ. Ìfun ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá jà. Bí ara ìfun bá ti jẹ, kòkòrò àrùn á ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ lè sè é kúrò: iná ìdáná kò pa aflatoxin.

Probiotics jẹ́ kòkòrò rere tí a kò lè fojú rí, tó ṣì wà láàyè: Lactobacillus, Bacillus subtilis, àti yíìsì tó ń jẹ́ Saccharomyces cerevisiae. Àwọn kan nínú wọn máa ń di májèlé mọ́ ara wọn, tí yóò fi bá ìgbẹ́ jáde. Wọ́n tún ń gba àyè mọ́ kòkòrò àrùn lọ́wọ́ nínú ìfun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo májèlé ni wọ́n lè mú, nítorí náà kò sí èyí tó lè sọ àgbàdo bíbu di oúnjẹ. Àgbàdo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ wá ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí. Ẹ da àgbàdo sí i kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí 2 tàbí 3 sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ti ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Ẹ dá a padà sóòrùn, lórí tapólì, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán. Bí iyọ̀ kò bá tiẹ̀ lẹ̀, ẹ ṣì tún un sá díẹ̀ sí i, torí ìdá 13 ni à ń wá fún èyí tí yóò pẹ́ nínú àpò. Ẹ ṣa èyí tó bu àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Ẹ gbé àpò lé pákó, kó jìnnà sí ògiri.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀pà pẹ̀lú. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látàrí ẹ̀pà lílọ̀ tó ti bu nínú oúnjẹ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá mọ aflatoxin.

Bí ẹ bá ń ra probiotics, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ sì bi oníṣọ́ọ̀bù bóyá inú oòrùn ló ń gbé e sí. Ìwọ̀n tó wà lára páálí ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé. Ẹ má dà á sínú gbogbo oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní kárí. Ẹ pò ó mọ́ àgbàdo lílọ̀ kílò 1, ẹ rò ó títí yóò fi dọ́gba, ẹ pò ìyẹn mọ́ kílò 10, kẹ́ ẹ tó dà á mọ́ ìyókù. Oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tutù. Bacillus lè fara da ooru, Lactobacillus àti yíìsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹran bá wà lórí oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotics), oògùn náà lè pa Lactobacillus àti Bacillus, kò kan yíìsì.

Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ló nílò rẹ̀ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì máa fún un lọ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè lo omidùn, torí Lactobacillus wà nínú rẹ̀. Ẹ fi rin oúnjẹ, kó kàn tutù díẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n á jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó kan, kó má rùn. Àgbàdo tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe ògì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, májèlé yóò wà nínú omidùn.

Lẹ́yìn èyí, ìgbẹ́ ni kẹ́ ẹ máa wò láràárọ̀. Bó bá ń ki díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ tán, ẹ máa bá a lọ. Bí ìgbẹ́ gbuuru kò bá dá, ẹ pe dókítà ẹran. Bí ara bá gbóná, tí etí àti ikùn pọ́n, tí ẹran ń kú léraléra, ó lè jẹ́ ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, probiotics kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ ti ọgbà náà pa, ẹ má ta ẹran kankan jáde, kí dókítà ẹran tó dé.